Ẹni Tó Sùn Lábẹ́ Orúkọ Bàbá Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ, ẹ kú ìdúró de ohun tí kò dé. Èmi ọmọ yín tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín. Mo kí Bàbá mi. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé àti ọmọ ilé, mo sì kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ka ìwé yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa wò ó pé kí ló dé tí ọmọ yín fi ń ránṣẹ́ sí yín nínú ìwé ìròyìn, bí ẹni tó ń kéde ewúrẹ́ tó sọnù. Ọjọ́ ọjà ni, mo mọ ibi tí ẹ wà: ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níbi tó ti máa ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá sókè fún ẹ̀yin àgbà kí ẹ tó gbéra lọ sílé. Mo bẹ télọ̀, kó rọra kà á, kó má fo ìlà kankan, kó má sì dákẹ́ bí ó bá rí i pé omi ń bọ́ lójú ẹnì kan. N kò dárúkọ ìlú wa, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó lè jẹ́ kí wọ́n dá wa mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ má pariwo, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ tán.

Ìdí tí n kò fi kọ lẹ́tà ni pé mo ti kọ méjì, wọn kò sì dé etí yín. Wọ́n dé ilé o. Etí yín ni wọn kò dé. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ilé-ìwé Bàbá ni gbogbo lẹ́tà wa ń gbà wọlé, ẹnu Bàbá ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ọwọ́ Bàbá náà ló sì ń kọ èsì. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti kúrò nílé, n kò bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan rí nínú ìwé tí Bàbá kò kọ́kọ́ gbọ́. Mo wá ọ̀nà mìíràn títí, n kò rí. Ìwé ìròyìn yìí nìkan ni mo mọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ yín láìgba ẹnu wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà, torí mo mọ̀ pé ìyẹn lẹ fẹ́ gbọ́. Ara mi le. Yàrá kan ni mo ní nínú ilé oníyàrá méjìlá, lẹ́bàá ọjà Boundary. Ìjọ́ ni wọ́n ní ọ̀tún mi, Úróbò ni wọ́n ní òsì, ọkùnrin Ìbò kan tó padà dé lẹ́yìn ogun abẹ́lé wa ló kọjú sí mi. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wá kí wa láìkan ilẹ̀kùn, a ó gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù, a ó sì jókòó sórí rẹ̀ bí adìyẹ. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí wáàfù Àpápá. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ GRA kọjá, níbi tí koríko ti ní ẹni tó ń gé e, tí ajá sì ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Iṣẹ́ tálì ni mò ń ṣe: mo máa ń jókòó lẹ́bàá ihò ọkọ̀, pátákó á wà lórí itan mi, n óò máa fa ìlà kan fún àpò kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, mẹ́rin ní ìdúró, ẹ̀karùn-ún ní ìdábùú. Ẹ máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò gbé ìyàwó. Ìyá mi, obìnrin wo ló fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ka àpò?

Láti ọdún tó kọjá, sìmẹ́ńtì ló gba gbogbo òkun. Wọ́n ní ìjọba ló rà á jù. Ọkọ̀ tò sójú omi títí ojú kò fi rí ìparí wọn, wọ́n ń dúró de àyè tí wọn ó gbà já ẹrù, òmíràn á lo oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún. Wọn kò lè wọlé, wọn kò lè padà. Àwa akọ̀wé náà kò lè kúrò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó dé ibi tí yóò ti wọ mọ́tò, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ yín, ẹ̀bẹ̀ oṣù méjì ni mo fi gbà á.

Báyìí, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí. N óò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó jókòó tì yín kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní àbúrò kan, Àjàní, ọmọ ìyá yín kan ṣoṣo. N óò máa pè é ní "ó" nínú ìwé yìí, ẹ má bínú, kì í ṣe àìmọ̀wà. N kò rí i rí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló sì wà nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ dúró. Èmi ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Nígbà ogun Hitila, nígbà tí mo ṣì wà nínú yín, ó fi ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀, ó lọ sí ìlú òyìnbó, ó di ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Jámánì. Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Ogun parí, àwọn ọmọ ìlú tó lọ sí Bọ́mà padà dé, Àjàní kò dé. Ẹ ní kí Bàbá kọ̀wé béèrè rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èsì dé pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú ìwé àwọn. Ẹ ní kí wọ́n tún kọ. Èsì kan náà ló dé. Ẹ wá sọ pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé kò kú: ẹni tí wọn kò rí nínú ìwé òkú, alààyè ni. Láti ìgbà náà, ẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní olóògbé lójú yín.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, Màmá Kékeré, tí wọ́n pọ̀n mí ju bí ẹ̀yin gan-an ti pọ̀n mí lọ? Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n nígbà tí Àjàní lọ. Nígbà tí òbí yín kú tán ẹ mú wọn wá sílé ara yín, ẹ tọ́jú wọn, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ kò tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin rere wá béèrè wọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lẹ lé e, ẹ ní ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà láyé kò sí lórí àtẹ. Wọn kò bímọ. Wọn kò ṣe opó, torí kò sí òkú. Wọn kò lọ́kọ, torí kò sí alààyè. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó fọ́tò. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó sọnù lọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu yín rí, lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Èkó, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní ibi tí òyìnbó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mò ń lọ, kí n máa bi wọ́n léèrè Àjàní. Mo bi wọ́n o. Mo bi ará Gíríìsì, mo bi ará Póláǹdì, mo bi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí etí wọn ti di. Títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wáàfù fi sọ mí lórúkọ, wọ́n ń pè mí ní Hitila. Mo kọ lẹ́tà méje sí Lọ́ńdọ̀nù fúnra mi. Èsì tí Bàbá gbà ni èmi náà gbà: kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan wọlé nígbà tó yá, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lórí òkun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi já ẹrù rẹ̀, torí omi ti wọ ọ̀pọ̀ àpò, wọ́n ti di òkúta, ẹni méjì ló ń gbé ẹyọ kan. Ẹnjiníà ọkọ̀ náà, ará Họ́láńdì, máa ń jáde wá gba afẹ́fẹ́ lẹ́bàá mi. Ní ọjọ́ kejì mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń wò. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo fajú ro. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó bi mí pé ta ló gé mi báyìí. Mo ní ilà ìlú wa ni, àbàjà ni, gbogbo ẹgbẹ́ bàbá mi ló kọ ọ́. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, lójú òkú kan, nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó sọ fún mi nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ogun, ọkọ̀ òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì já bọ́ sínú oko ọ̀dùnkún lẹ́yìn abúlé wọn. Ó ti lọ ju bọ́ǹbù, wọ́n yìnbọn fún un lójú ọ̀nà àbọ̀. Ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Méjì bẹ́ síta pẹ̀lú aṣọ tó máa ń là bí agboòrùn, àwọn Jámánì mú wọn. Márùn-ún kú. Àwọn ará abúlé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sin wọ́n, wọ́n sì gbà. Mẹ́rin wà pọ̀ níwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní ìdí ìrù ọkọ̀, nínú àpótí onígíláàsì tí kò fẹ̀ ju àga kan lọ, níbi tí ẹni tó ń yìnbọn sẹ́yìn ti máa ń jókòó. Ọkàn mi ti mọ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀ pé òun ni.

Ó ní wọ́n rò pé iná ló sọ ọ́ di dúdú. Ìyá ẹnjiníà yìí àti obìnrin méjì gbé omi gbígbóná jáde, wọ́n fọ̀ ọ́ lójú, wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí èéfín náà lè ṣí, títí ìyá rẹ̀ fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé kì í ṣe èéfín, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Nígbà tí ó sọ èyí mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, lójú gbogbo alágbàṣe. Ó ní ìyá òun rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rò pé ọgbẹ́ ni, ó sì bu òróró sí i. Ìlà mẹ́ta ló wà ní ọ̀tún, wọ́n gún régé. Ní òsì, ìlà ìsàlẹ̀ wọ́ lọ títí dé etí.

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tí olóólà ń kọ ilà fún Àjàní, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ di orí rẹ̀ mú, pé kòkòrò ta yín, ẹ jọ̀wọ́ orí rẹ̀, abẹ sì yọ̀ lọ sí etí. Ẹ ní ẹ jẹ ẹgba ọjọ́ náà. N kò sọ ọ́ fún òyìnbó yìí. Òun ló sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bẹ́ síta padà sí abúlé náà láti dúpẹ́. Ó sọ fún wọn pé okùn kan wà tí gbogbo àwọn inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni ìdí ìrù ló kọ́kọ́ rí i pé iná ti mú ìyẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn òun ti dí, kò ṣí mọ́, kí ẹni tó bá lè bẹ́ máa bẹ́, kí wọ́n má dúró de òun. Ó ń sọ ọ́ títí wọn kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, bí mo bá ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo máa ń dìde lọ ṣí i wò.

Mo ní kí ẹnjiníà kọ orúkọ tó wà lórí òkúta sàréè náà fún mi. Ó gba gègé mi, ó kọ ọ́ sí etí ìwé tálì. Orúkọ Bàbá mi ni. Orúkọ ìdílé wa tí èmi náà ń jẹ́, àti orúkọ ìrìbọmi Bàbá níwájú rẹ̀, kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì àpò tó kọjá níwájú mi tí n kò fa ìlà fún, fọ́máànù bú mi tìyátìyá, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú èébú náà. Bàbá mi tí mo fi sílẹ̀ lálàáfíà nílé, òkúta wọn ló wà ní Họ́láńdì yìí? Nígbà tí ọkọ̀ náà padà délé, ẹnjiníà fi fọ́tò sàréè ránṣẹ́ sí mi bó ti ṣèlérí. Mo fi sínú Bíbélì mi, mo gbé e wálé ní Kérésì.

Ní ọjọ́ kejì Kérésì, mo pe Bàbá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n jókòó sórí odó. Wọ́n ní Àjàní kò parí ilé-ìwé gíga, wọ́n lé e nítorí ìjà oúnjẹ nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde. Ogun dé, àwọn òyìnbó ní ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù gbọ́dọ̀ ní sátífíkéètì. Àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó di àna ara wọn. Bàbá yá a ní tiwọn, bí ẹni yá ènìyàn ní agbádá. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ayé ṣe rí nígbà náà: ìwé kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta á fi wáṣẹ́, kò sí ẹni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí Àjàní ṣe di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Bàbá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni kí àwọn ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe é, ó kọ orúkọ yín. Ìyàwó ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni yín, àbí?

Nítorí náà, wáyà ìkéde ikú dé, Ìyá mi. Ó dé láti ọdún náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àpótí ilé-ìwé ló bọ́ sí, Bàbá ṣí i níwájú kíláàsì, wọ́n sì kà níbẹ̀ pé ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín. Wọ́n kó o pamọ́. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ bà wọ́n, lẹ́yìn náà ẹ̀rù iṣẹ́, torí sátífíkéètì kan náà ni wọ́n fi ń ṣe tíṣà. Nígbà tí ẹ̀rù lọ tán, ìtìjú ló gba ipò rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ní kí wọ́n kọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, orúkọ Àjàní gan-an ni wọ́n fi béèrè, wọ́n sì mọ ohun tí èsì máa jẹ́. Wọ́n sunkún lórí odó yẹn. N kò rí kí Bàbá sunkún rí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó bá àwọn wọ kòtò.

Mo padà wọlé. Ẹ wà nídìí iná, ẹ ń yí ẹran, ẹ bi mí bí ẹ ti ń bi mí lọ́dọọdún pé ṣé mo ti gbọ́ nǹkan nípa Àjàní. Mo ní mi ò tíì gbọ́. Ẹ ní kò burú, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kó pẹ́. Ìyá mi, mo purọ́ fún yín lójúkojú, ẹ sì fún mi lẹ́ran jẹ. N kò lè tú Bàbá mi sí gbangba nínú ilé wọn. N kò sì lè gbé e mì. Kí ni kí n ṣe?

Mo padà sí Èkó, mo kọ lẹ́tà méjì sí yín tó sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé bí Bàbá bá dá jókòó tì í, wọn ó rí okun kà á síta. Mo fi fọ́ọ̀mù kan sínú èyí àkọ́kọ́. Àwọn tó ń tọ́jú sàréè àwọn jagunjagun ló fi ránṣẹ́ sí mi: wọ́n ní bí ẹni tó ni orúkọ bá wà láyé, kó búra, kó fọwọ́ sí i, àwọn ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí òkúta, àwọn ó kọ ti Àjàní. Èsì tí mo rí gbà ni pé ẹ ní ẹ ṣeun fún súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́, pé kí n wá ìyàwó. Ìwé Bàbá dára, ó gún régé bó ti máa ń gún.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri ìdáná lọ́jọ́ tí èmi àti Bàbá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ rò pé pánla tí wọn ó tà ni Màmá Kékeré wá rà ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún yín. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n wọlé bá mi, mò ń fọ aṣọ. Wọ́n mu omi. Wọn kò bi mí bóyá òótọ́ ni. Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín? Mo sọ fún wọn nípa àwọn obìnrin mẹ́ta àti omi gbígbóná. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ní kí n gbé àlùmọ́gàjí wá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí a jọ lọ sílé, kí ẹ lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá dé ilé, ẹ ó ní kò tíì kú. Wọ́n gé irun náà fúnra wọn, gbogbo ẹ̀, irun tí wọ́n ti ń dì fún un láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ewú ti gbà á. Wọ́n wọ dúdú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi, wọn kò sì jáde mọ́.

Èmi ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín, obìnrin Úróbò bi mí pé ṣé màdáàmù àgbà ni mo lọ gbé níyàwó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, ilé pa lọ́lọ́. Ẹnikẹ́ni kò tan rédíò sókè mọ́. Obìnrin Úróbò yìí ló ń gbé oúnjẹ wá, ìyàwó Ìjọ́ ló ń pọn omi ìwẹ̀ wọn, ìyá arúgbó kan láti ìdílé ìmàle tó wà lẹ́yìn wa máa ń wá jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Ó dun mí, Ìyá mi. Àwọn àjèjì ló ń bá ìyàwó yín ṣe opó Àjàní.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ní àwọn yóò fi jókòó. Bí ìwé yìí bá jáde lọ́jọ́ tí olóòtú ní yóò jáde, á ku ọjọ́ méjìlá. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé opó kì í tú ara rẹ̀. Obìnrin ilé ọkọ ló ń fa opó sókè kúrò nílẹ̀, ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ mìíràn. Nínú gbogbo ilé ọkọ wọn, ẹ̀yin nìkan ló kù láyé. Mo sọ fún wọn pé ẹ lè má wá. Wọ́n ní bí ẹ kò bá wá, àwọn kò ní dìde. Mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: ẹni tó lè dúró fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, jíjókòó kò lè sú u.

Mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Bí ẹ bá wá fà wọ́n dìde, ẹ ti gbà pé Àjàní kú nìyẹn. Ẹ sì ń bínú sí mi báyìí, ẹ ń bínú sí Bàbá jù. Ẹ bínú, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbínú gba ọjọ́ méjìlá náà.

Bàbá mi, bí wọ́n bá ń ka èyí fún ẹ̀yin náà, mo dọ̀bálẹ̀, orí mi wà nílẹ̀. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tiwa tilẹ̀ ju ogún lọ. Ẹ kò pa Àjàní. Orúkọ lẹ yá a, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gba orúkọ yín padà lọ́wọ́ òkú, kí òkú náà lè jẹ́ tirẹ̀. Kí ẹ sì mú Ìyá wá. Wọn kò mọ ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè ka orúkọ mọ́tò fún wọn. Ohun tí mo sọ nínú ìwé ìròyìn yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ pé àwa ni. Èyí tó kù tí èmi kò mọ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn lójú ọ̀nà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ kò ní rí irú èyí mọ́. Ọ̀nà á gbà yín wá láyọ̀, á sì gbà yín padà. Ẹ bá mi kí télọ̀, ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó jókòó tì yín, ẹ ní mo ní ẹnu wọn kò ní mú ọ̀rọ̀ yìí rìn. Obìnrin Úróbò ní kí n kí yín, àwọn Ìjọ́ kí yín, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé kí yín. Màmá Kékeré kò kí yín. Wọ́n ní opó kì í ránṣẹ́ kí ilé ọkọ. Ilé ọkọ ló ń wá kí opó.

Èmi ni,
Ọmọ yín.